Káàdì orí fóònù fún àwọn òṣìṣẹ́: ta ni ká fún, èló ni ká fi sí i?

Atẹ̀wé_Wàndó · Ajé, 7:48 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé ìtẹ̀wé àti ìpolówó ni mo ní ní Wàndó, ní Àjàṣẹ́ níbí. A ní ẹ̀ka kékeré kan ní Kétu, ọmọ kan sì wà tó ń bá wa gba iṣẹ́ ní Sábẹ. Iṣẹ́ wa kò mọ sórí bébà àti báńà mọ́. A ń bá àwọn oníṣòwò polówó lórí Facebook, a ń ṣe ìkànnì fún wọn, a sì ń san owó áàpù tí a fi ń ya àwòrán lóṣooṣù.

Káàdì kan ṣoṣo là ń fi san gbogbo rẹ̀: Visa tí mo gbà ní báǹkì, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Nọ́mbà rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa, pẹ̀lú nọ́mbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sanwó á pè mí, kí n ka kóòdù tó wọlé sórí fóònù mi fún un. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Bí oṣù bá parí, báǹkì á kó ìwé wá, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ́ ti oníbàárà wo nínú rẹ̀.

Mo gbọ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní carte virtuelle tirẹ̀: káàdì tí kò ní ike, nọ́mbà nìkan lórí fóònù, tí ọ̀gá á sì fi gbèdéke sí. Ṣé ó yẹ ilé-iṣẹ́ tí ènìyàn inú rẹ̀ kò pé mẹ́wàá? Ta ni kí n fún? Èló ni kí n fi sí i? Bí ẹni tí mo fún bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ní kí n fọkàn tán wọn. Mo fọkàn tán wọn, ìṣirò ni kò jọra.

Ọmọ_Alákétu · Ajé, 8:20 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ tèmi láìfepo bọyọ̀. Ní Kétu níbí, ta ló fẹ́ gba káàdì lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ yín? Ẹni tó ń ta epo kpayo nínú ìgò lẹ́bàá títì ni? Àbí onízẹ́mì, ọlọ́kadà? Owó tó ń jáde lọ́wọ́ tèmi lóòjọ́, owó lọ́wọ́ àti MoMo (owó orí fóònù) ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ra SIM fún ilé-iṣẹ́, ẹ gbé e fún ẹni tó ń bójú tó ẹ̀ka, kí ẹ máa fi owó sí i bó ṣe ń tán. Ohun tó bá ná á wà lórí àkáùǹtì náà, ẹ ó máa kà á láti Àjàṣẹ́. Káàdì tí ẹ ń sọ yìí, oge àwọn ará Kútọnu ni.

Tẹkí_Sábẹ · Ajé, 9:05 àárọ̀

Ọmọ Alákétu, òótọ́ lo sọ, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n kò bèèrè epo. Owó ìpolówó àti owó ìkànnì ni wọ́n bèèrè, ẹni tí à ń yá sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé lórí rẹ̀) lọ́wọ́ rẹ̀ lókè òkun kò sì mọ MoMo, nọ́mbà káàdì ló ń bèèrè. Àpò méjì ni ilé-iṣẹ́ ní níbí: àpò tí a fi ń ná nílẹ̀, àti àpò tí a fi ń ná lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbà fún ọ lórí àpò àkọ́kọ́. Ti èkejì ni ká sọ.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni èrè rẹ̀ wà. Bí ọmọ yín bá tẹ nọ́mbà káàdì sórí ìkànnì, owó kò tíì lọ. Ọlọ́jà ń tọrọ àṣẹ ni. Ìbéèrè rẹ̀ á gba ọ̀dọ̀ báǹkì tirẹ̀, á gba ọ̀nà Visa tàbí Mastercard, á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fún yín ní káàdì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé owó wà? Ṣé wọn ò tíì ti káàdì náà? Ṣé kò kọjá gbèdéke? Ṣé ọ̀gá gba irú ọlọ́jà yìí láàyè? Kí ẹ tó ṣẹ́jú, èsì ti dé. Owó gan-an lè wá lọ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta.

Òfin yín ń ṣiṣẹ́ níbi ìbéèrè yẹn, kí owó tó jáde. Tí ó bá jẹ́ owó lọ́wọ́, tàbí káàdì ọ̀gá tí gbogbo ayé mọ nọ́mbà rẹ̀, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ná an tán ni ẹ tó máa jà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà mẹ́rin tó ń sọ irú òwò tó ń ṣe. 7311 ni ti ìpolówó, 4511 ti ọkọ̀ òfuurufú, 7011 ti hòtẹ́ẹ̀lì, 5541 ti ilé epo, 6011 sì ni ti ẹni tó ń fa owó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ẹni tó fún yín ní káàdì bá jẹ́ kí ẹ yan án, ẹ lè fún ọmọ tó ń ṣe ìpolówó ní káàdì tí kò ní ra ohun mìíràn. Kì í ṣe gbogbo káàdì ló ní èyí o. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé: "Ṣé mo lè yan irú ọlọ́jà, àbí iye owó nìkan ni mo lè yàn?" Bí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ náà ká, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ọmọ_Igbó · Ajé, 9:11 àárọ̀

Mo jókòó síbí. Ẹ máa bá a lọ.

Onísirò_Attakè · Ajé, 12:40 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa kọ ọ́ sínú ìwé sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Àkọ́kọ́ ná, fífi owó sí káàdì kì í ṣe ìnáwó. Mo rí àwọn tó ń kọ ọ́ ní ìnáwó lọ́jọ́ tí wọ́n fi 200 000 CFA sí i, tí wọ́n á tún kọ ohun tí wọ́n fi rà ní ìnáwó lẹ́ẹ̀kejì. Owó ilé-iṣẹ́ ni títí òṣìṣẹ́ á fi ra nǹkan. Ibi tí a gbé e sí ló yí padà. SYSCOHADA tuntun, ìlànà ìṣirò ilé-iṣẹ́ wa tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ti fi àkáùǹtì 55 sílẹ̀ fún owó orí ẹ̀rọ, 552 níbẹ̀ sì ni ti fóònù, ìyẹn MoMo. Bí ó bá jẹ́ owó tí a kó fún ẹnì kan pé kó máa ná fún wa, 581 wà fún régie d'avance. Kí oníṣirò yín yan ọ̀kan, kó má sì yí i padà láàárín ọdún.

Ìkejì ni ìwé. Ohun tí báǹkì tàbí áàpù káàdì kọ kò ju orúkọ ọlọ́jà àti iye owó lọ. Kò sọ ohun tí ẹ rà. Tí ẹ bá ra nǹkan lọ́wọ́ ará ilé, facture normalisée ni kí ẹ gbà: èyí tó ní àwòrán QR àti kóòdù MECeF (ẹ̀rọ ìwé owó ti ìjọba), tí IFU (nọ́mbà owó orí) ilé-iṣẹ́ yín sì wà lórí rẹ̀. Bí kò bá sí i, TVA (owó orí ọjà) 18% tí ẹ san kò ní ṣeé gbà padà, àwọn DGI tó ń gba owó orí á sì yọ ìnáwó náà kúrò nígbà tí wọ́n bá dé. Káàdì kò gba yín lọ́wọ́ èyí rárá. Ẹni tó fi káàdì tó dára jù lọ ra íǹkì ní Wàndó, tí kò gba facture, kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi owó lọ́wọ́ rà á.

Ti òkè òkun, wọn kò ní MECeF, àmọ́ ìwé owó wà nínú àkáùǹtì tí ẹ ṣí lọ́dọ̀ wọn. Ìbéèrè mi nìyí: orúkọ ta ló wà lórí ìwé náà? Bí ọmọ yín bá fi ímeèlì tirẹ̀ ṣí àkáùǹtì, orúkọ rẹ̀ ni ìwé á máa gbé jáde, ọjọ́ tó bá lọ ni ìwé náà bá a lọ. Ẹ ṣí ímeèlì kan fún ìwé owó nìkan, kí gbogbo àkáùǹtì máa fi ìwé ránṣẹ́ síbẹ̀, kí orúkọ ilé-iṣẹ́ àti IFU wà níbi tí wọ́n ti ń bèèrè ẹni tó ń sanwó. Èyí ṣe pàtàkì ju irú káàdì tí ẹ rà lọ.

Ìyá_Àjàrá · Ajé, 2:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni mo fẹ́ sọ, nítorí ti ẹ̀rọ ti fẹ́ pọ̀ jù.

Ìrìn-àjò ni à ń ṣètò fún àwọn àlejò. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ káàdì, àpò ara wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ṣáájú, a ó wá dá a padà fún wọn ní ìparí oṣù. Ẹ wò ó dáadáa. SMIG wa, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin gbà, jẹ́ 52 000 láti 2023. Ọmọ tó ń gba owó tí kò ju ìyẹn lọ púpọ̀ ló ń san 30 000 nítorí ilé-iṣẹ́, tí á sì dúró de ọ̀gá kó rántí. Òṣìṣẹ́ ń yá ọ̀gá lówó láìgba èlé. Wọn kì í sọ ọ́ jáde. Ẹ ó kàn rí i pé ọmọ tó já fáfá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì kò dára, òun ò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà. Àìlówó lọ́wọ́ ni, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ìdí yìí nìkan mo fara mọ́ káàdì náà.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe máa pín in. Nígbà tí a fún àwọn ọmọ ọ́fíìsì, bàbá tó ń wakọ̀ fún wa, tó ti wà níbẹ̀ kí àwọn yẹn tó dé, kò rí tirẹ̀ gbà. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń kí wa ní ìkíni òkèèrè fún ìgbà díẹ̀. Kò nílò káàdì, nílẹ̀ ló ń ra epo, ṣùgbọ́n ó kà á sí pé a ń sọ pé òun ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Mo pe gbogbo wọn jọ, mo ṣàlàyé lójú wọn pé iṣẹ́ ló ní káàdì, ènìyàn kọ́ ló ni ín: ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì gba ti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ra epo gba MoMo epo. Mo fi MoMo ilé-iṣẹ́ lé bàbá lọ́wọ́ lójú wọn. Ó tán.

Tẹkí_Sábẹ · Ajé, 2:31 ọ̀sán

Ìyá, ẹ ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ tán. "Iṣẹ́ ló ní káàdì." Ẹ jẹ́ n fà á gùn díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé bèèrè pé ta ni kí wọ́n fún. Mo ní kí wọ́n má fi orúkọ ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n ṣí káàdì kan fún ìpolówó Facebook, òmíràn fún sáfà, òmíràn fún áàpù àwòrán. Kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn máa lò ó. Bí olè bá jí nọ́mbà èyí tó wà lọ́dọ̀ áàpù àwòrán, ẹ ti èyí nìkan, ìpolówó ń lọ, ìkànnì àwọn oníbàárà kò kú. Ní báyìí tó jẹ́ káàdì kan ló ń san gbogbo rẹ̀, lọ́jọ́ tí báǹkì bá pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo ibi ni ẹ ó ti lọ tẹ nọ́mbà tuntun, ẹ ó sì gbàgbé ọ̀kan. Ọ̀kan tí ẹ gbàgbé yẹn ni ìkànnì oníbàárà tó máa pè yín ní àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú.

Ẹ ó rí i pé ìṣirò náà á tò fúnra rẹ̀. Ohun tó bá jáde lórí káàdì ìpolówó, ìpolówó ni. Kò sí ẹni tó máa jókòó máa ṣa á ní ìparí oṣù.

Ọmọ_Alákétu · Ajé, 3:02 ọ̀sán

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń gba owó lórí káàdì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣí, wọ́n tún ń gba owó nígbà tí ìsanwó bá kọ̀. Káàdì bíi méje fún ilé-iṣẹ́ kékeré, ta ló fẹ́ máa ka méje?

Tẹkí_Sábẹ · Ajé, 3:10 ọ̀sán

O ò jayò pa. Ohun tí à ń san lóṣooṣù nìkan ni kó ní tirẹ̀. Èyí tí a rà lẹ́ẹ̀kan tí a ò ní rà mọ́, káàdì kan péré tó fún gbogbo wọn, kó jẹ́ pé òfo ló máa ń wà, ẹ ó fi owó sí i nígbà tí ẹnì kan bá bèèrè.

Ará_Àgbádárìgì · Ajé, 6:27 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti ìhà kejì bodè. Ẹ jẹ́ kí ojú tiwa kọ́ yín lọ́gbọ́n. Ní oṣù Keje 2022, Union54, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Zambia kan tó ń ṣe káàdì dọ́là fún ọ̀pọ̀ áàpù ní Áfíríkà, dá iṣẹ́ dúró nítorí àwọn oníjìbìtì. Áàpù Barter ti Flutterwave wà lára àwọn tó dákẹ́. Àwọn tó ń lò ó kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Union54 rí. Áàpù tó wà lórí fóònù ni wọ́n mọ̀. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, àwọn báǹkì wa kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá lílo káàdì náírà lókè òkun dúró, dọ́là ló wọ́n. Ẹni tó ní ìpolówó tàbí sáfà lórí wọn mọ bí ọdún yẹn ṣe rí.

Nítorí náà, áàpù tó rẹwà kọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀: báǹkì wo ló ń ṣe káàdì náà, ṣé BCEAO, báǹkì àgbà wa, mọ̀ ọ́n? Ẹ má kó owó oṣù mẹ́ta jọ sórí rẹ̀. Kí ẹ sì ní èkejì láti ibòmíràn, kódà bí ẹ kò bá lò ó, fún ohun tí kò gbọdọ̀ kú.

Atẹ̀wé_Wàndó · Ajé, 8:55 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti lọ ṣí ọ̀kan fún ìpolówó oníbàárà kan láti fi dán an wò. 50 euro lóṣù ni a ṣètò lórí Facebook, mo fi 32 800 sí i géérégé. Ohun tí áàpù kọ sílẹ̀ nìyí (META ló ni Facebook):

META 16 400, ó gbà.
META 16 400, ó kọ̀, 51.
META 16 400, ó kọ̀, 51.

Ìpolówó dúró. Ẹlẹ́ẹ̀mejì 16 400 sì jẹ́ 32 800. Kí ló kù?

Tẹkí_Sábẹ · Ajé, 9:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, 51 túmọ̀ sí pé owó kò tó. Ẹ gbàgbé owó tí ẹni tó fún yín ní káàdì ń bù lórí pàṣípààrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Euro kan jẹ́ 655,957 CFA, kò yí padà láti 1999. 50 euro jẹ́ 32 798. Bí ẹni tó ni káàdì bá ń gba 3%, ó ti di 33 782. Bí ó bá tún ń bù nǹkan lórí ìsanwó kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kún un. Gbèdéke tó ṣe géérégé ń da iṣẹ́ rú. Ẹ fi bí ìdá mẹ́wàá sí i, nǹkan bíi 36 000. Kì í ṣe fún òṣìṣẹ́, fún báǹkì ni.

Ẹ wo owó tí àkáùǹtì ìpolówó yín ń kà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ dọ́là, iye CFA rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, gbèdéke tó tó lóṣù yìí lè má tó lóṣù tó ń bọ̀. Bí ọlọ́jà bá fún yín láàyè láti yan euro, euro ni kí ẹ yàn. Owó wa so mọ́ ọn, ọkàn yín á balẹ̀.

Ohun mìíràn rèé: Facebook kì í gba owó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó ń gbà á nígbàkúùgbà tí ìpolówó bá dé iye kan, ìyẹn ni ẹ ṣe rí 16 400 léraléra. Nínú àkáùǹtì ìpolówó náà ni kí ẹ ti fi gbèdéke gidi sí, kí ti káàdì jẹ́ odi kejì. Tó bá jẹ́ káàdì nìkan ló ń dá a dúró, ìsanwó á máa kọ̀ léraléra, Facebook á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àkáùǹtì yín.

Ìyá_Àjàrá · Ajé, 9:48 alẹ́

Ẹ fi ti hòtẹ́ẹ̀lì kún un o, torí ọmọ tó ń lọ sí Sábẹ. Bí ẹ bá fi káàdì orí fóònù sanwó yàrá tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn fi fi yàrá pamọ́, tí hòtẹ́ẹ̀lì ní òun fẹ́ rí káàdì náà nígbà tí ọmọ bá dé, kí ni á nà sí wọn? Fóònù? Àwọn kan á gbà á, àwọn kan á ní káàdì kọ́ nìyẹn. Wọ́n tún máa ń di owó mú lórí káàdì títí àlejò á fi jáde, owó náà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò ṣeé ná. Ẹni tó ń sùn ìta, ẹ fún un ní owó lọ́wọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òfin ọ́fíìsì sun ọmọ ẹlòmíràn ní gáréèjì.

Ọmọ_Alákétu · Ajé, 10:05 alẹ́

Ìyá, ẹ ṣeun. Owó lọ́wọ́ padà wá o! 😄

Onísirò_Attakè · Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn ti ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́.

Ọ̀pọ̀ ń sáré lọ pa káàdì náà rẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ní owó kan láti dá padà fún yín, orí káàdì tí ẹ fi san án ló máa dá a padà sí. Bí káàdì náà bá ti parẹ́, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé sí ẹni tó ṣe é. Mo mọ oníbàárà kan tó dúró de owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú báyìí, ilé-iṣẹ́ káàdì ń sọ pé owó ti dé, àwọn ò rí ibi tí àwọn máa gbé e sí. Ẹ tì í, ẹ má pa á rẹ́. Iyàn jíjà lórí ìsanwó náà wà, tí ọlọ́jà bá gba owó tí kò yẹ. Lábẹ́ òfin Visa àti Mastercard, ọgọ́fà ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Ẹ jẹ́ kí káàdì tí ẹ tì wà níbẹ̀ títí ìgbà yẹn á fi kọjá.

Títi káàdì kì í sì í fòpin sí àdéhùn. Bí ẹ bá ń yá sáfà lóṣooṣù, tí ẹ ti káàdì láìsọ fún wọn, gbèsè ń gùn lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ti ìkànnì. Ẹ wọlé lọ fagi lé e, ẹ gba ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀.

Tẹkí_Sábẹ · Ìṣẹ́gun, 7:52 àárọ̀

Ohun tó ṣáájú káàdì tún wà: ojú-ewé Facebook oníbàárà. Bí ọmọ tó ń lọ bá ṣì ni alákòóso níbẹ̀, káàdì tí ẹ tì kò ran yín lọ́wọ́, ó lè gbé ojú-ewé náà lọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú àwọn alákòóso, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì ìwé owó, kí ẹ tó kan káàdì. Kí ẹ ṣe é níwájú rẹ̀ pẹ̀lú, pẹ̀lú ìkíni àti ìdágbére. Ẹni tí a yọ lójú ara rẹ̀ kò ní sọ pé wọ́n fi òun ṣe olè.

Nọ́mbà tó wà nínú WhatsApp yẹn ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ẹ ní kí báǹkì pààrọ̀ káàdì náà lónìí. Píparẹ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ẹgbẹ́ kò tó, ó ti wà lórí fóònù gbogbo yín, àti fóònù àwọn tó ti lọ.

Ará_Àgbádárìgì · Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Kódà àwọn ọlọ́jà gan-an, òfin ààbò káàdì kò gbà wọ́n láàyè láti tọ́jú nọ́mbà mẹ́ta ẹ̀yìn yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba àṣẹ ìsanwó. Ẹ̀yin wá gbé e sí WhatsApp!

Atẹ̀wé_Wàndó · Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Báǹkì ti gba ìwé mi, káàdì àtijọ́ ti kú. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí, ẹ bá mi wò ó.

Kétu á lo MoMo ilé-iṣẹ́ fún epo, bébà àti oúnjẹ àwọn ọmọ. Ọmọ Alákétu ló borí níbẹ̀. Káàdì ìpolówó kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó ń ná ju 50 euro lóṣù, àwọn kéékèèké á pín ọ̀kan. Sáfà àti orúkọ ìkànnì á wà lórí káàdì báǹkì tuntun tí ẹnikẹ́ni kò mọ nọ́mbà rẹ̀ yàtọ̀ sí èmi àti oníṣirò, torí n kò fẹ́ kí ìkànnì ẹlòmíràn dá lórí áàpù tí n kò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Áàpù àwòrán á ní tirẹ̀. Ọmọ Sábẹ á gba owó lọ́wọ́ fún yàrá, á sì mú facture bọ̀. Ẹni tó bá ná owó á ya ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ kejì tó ṣú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní fi owó sí i mọ́ títí á fi ránṣẹ́. Mo ti sọ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, lórí ìjókòó kan, bí Ìyá ṣe wí.

Ọmọ_Alákétu · Ìṣẹ́gun, 1:41 ọ̀sán

Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló máa fi owó sí káàdì? A ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Onísirò_Attakè · Ìṣẹ́gun, 1:55 ọ̀sán

Kí ẹ yan igbákejì, tó lè fi owó sí i dé iye kan láìpè yín, kí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ máa dúró dè yín. Ẹ má sì yan oníṣirò yín o. Ẹni tó ń kọ ìwé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń tú owó sílẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn dáadáa tó.

Atẹ̀wé_Wàndó · Ìṣẹ́gun, 2:30 ọ̀sán

Mo ti yan ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, obìnrin tó ṣọ́wọ́ ná ju èmi gan-an lọ. 40 000 ló lè tú sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ṣé òun náà á máa mú ìwé wá bí òun bá ná owó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi pẹ̀lú.